Fáìlì wà níbẹ̀, kò ṣí: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lórí backup (ẹ̀dà fáìlì tí a kó pamọ́ síbòmíràn)

Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbé láptọ́ọ̀pù tó ti kú wá bá mi, tí wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀ pé gbogbo iṣẹ́ àwọn wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni mo ń dáhùn, ó sì ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kó tó di ẹkún.

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, mo ti kó iṣẹ́ mi láti C sí D. Ṣé ó tó?
Kò tó. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, hard disk kan ṣoṣo ni wọ́n pín sí C àti D. Bó bá kú, méjèèjì lọ.

Ìbéèrè: Mo ki hard disk bọ láptọ́ọ̀pù, kò hàn.
Ẹ pààrọ̀ wáyà rẹ̀. Ẹ gbìyànjú ihò USB mìíràn, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí Windows bá ní kí ẹ fọ́máàtì rẹ̀ (ìyẹn, kí ẹ nu ohun inú rẹ̀ kúrò), ẹ má gbà.

Ìbéèrè: Fídíò mi kò wọ flash. Ó ní fáìlì ti tóbi jù, bẹ́ẹ̀ ààyè ṣì pọ̀.
FAT32, ọ̀kan lára àwọn ètò tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí flash, ni flash yẹn ń lò; kì í gba fáìlì ẹyọ kan tó bá tó 4GB. Ẹ kó ohun inú rẹ̀ síbòmíràn, kí ẹ wá fọ́máàtì rẹ̀ sí exFAT, ètò mìíràn tó ń gba fáìlì ńlá.

Ìbéèrè: Google Drive ni mo ń lò. Kí ni mo tún fẹ́ fi hard disk ṣe?
Ibi tí a ń kó fáìlì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni Drive. 15GB ni ọ̀fẹ́ rẹ̀, Gmail àti Google Photos sì ń bá a pín in. Bí ẹ bá pa fáìlì rẹ́ nínú fóódà tó ń bá Drive ṣiṣẹ́ pọ̀, ó ń kúrò lórí Drive náà. Ọjọ́ 30 ló ń lò nínú Trash (ibi tí ohun tí ẹ pa rẹ́ ń lọ) kó tó lọ pátápátá. Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì já ní etíkun Côte d'Ivoire lóṣù kẹta ọdún 2024, íntánẹ́ẹ̀tì dà rú ní Nàìjíríà. Ẹ máa lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé òun nìkan.

Ìbéèrè: Mo ń rí orúkọ fáìlì mi lórí flash tuntun, ṣùgbọ́n wọn ò ṣí.
Èyí ló dà mí láàmú jù. Ayàwòrán kan tó máa ń ya ìgbéyàwó ló gbé flash 2TB (nǹkan bíi 2,000GB) wá. Ó rà á ní ọ̀pọ̀ lọ́jà, ó kó àwòrán àwọn oníbàárà rẹ̀ sí i, ó sì pa wọ́n rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù kó lè ráàyè. Àwọn àwòrán àkọ́kọ́ ń ṣí, àwọn tó kù kọ̀. Mo wá fáírọ́ọ̀sì, kò sí. Mo pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, mo gbé e sórí Linux, ibi pẹlẹbẹ náà ló fi lélẹ̀. Mo fi sọ́fítíwíà tó ń gba fáìlì padà wá a mọ́jú. Orúkọ ló ń rí, òfìfo ló wà nínú wọn.

Àwòrán ẹyọ kan ló tú àṣírí. Ó ṣí dé ìdajì: gèlè ìyàwó hàn, ojú rẹ̀ hàn, láti ọrùn wálẹ̀ di àwọ̀ eérú. Gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀ dára, gbogbo èyí tó tẹ̀lé e ṣófo. Mo bá ro GB àwọn tó ṣí pọ̀: kò pé 30. Flash 32GB ni! Wọ́n ti yí ètò inú ṣíìpù rẹ̀ padà kó lè máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé 2TB lòun. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 ni, wọ́n wá kọ 50 sí i lára; epo tí ẹ bá dà lé e, ilẹ̀ ló ń lọ. Orúkọ fáìlì ń hàn torí pé apá ìbẹ̀rẹ̀ flash ni wọ́n ń kọ wọ́n sí, ibẹ̀ sì wà lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà ò ní kìlọ̀ fún yín.

Kò sẹ́ni tó lè gba ohun tí a kò kọ sílẹ̀ rí padà. Díẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú káàdì kámẹ́rà rẹ̀ la rí mú. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ra flash tàbí hard disk, nígbà tó ṣì ṣófo, ẹ fi sọ́fítíwíà H2testw dán an wò lórí Windows, tàbí sọ́fítíwíà F3 lórí Mac àti Linux. Á kó nǹkan kún un dẹ́nu, á wá kà á padà. Ó máa ń pẹ́, ẹ rí i pé iná wà. Ẹ sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá ṣe gan-an?
Ìlànà 3-2-1 ni, èyí tí Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, jẹ́ kó tàn kálẹ̀: ẹ̀dà 3, lórí oríṣi ẹ̀rọ 2, kí 1 wà níbòmíràn. Ti orí láptọ́ọ̀pù yín ni àkọ́kọ́. Ìkejì, hard disk tí ẹ ń yọ gbàrà tí ẹ bá kó nǹkan sí i tán, torí fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa láti fi gbowó lè ba gbogbo ohun tó bá wà lára kọ̀ǹpútà jẹ́. Iná tó bá sì ya wọlé lójijì lè jó méjèèjì pọ̀. Ìkẹta, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nílé ẹ̀gbọ́n yín ní ìlú mìíràn. Lóṣooṣù, ẹ mú fáìlì díẹ̀ láti àárín àti láti ìparí, kí ẹ ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ìbéèrè: Hard disk mi ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́.
Ẹ pa á kíákíá. Ẹ má fi sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ wá a, ẹ má sì tú u: eruku tín-ín-rín lè ha ojú àwo inú rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó jẹ́ pé gbígba fáìlì padà gan-an niṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe sí i fún un kó tó fọwọ́ kàn án.