Bí mo ṣe mú wáyà sólà gba ara ògiri wọlé

Ihò kan péré ni mo fẹ́ lu. Nígbà tí mo fi ṣe tán, mo ti lu méjì, mo sì ti fi sìmẹ́ńtì dí ọ̀kan.

Páńẹ́lì sólà ti wà lórí páànù ilé wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, láti ọjọ́ mẹ́ta, wáyà rẹ̀ méjì, pupa àti dúdú, ń rọ̀ dirodiro lára ògiri. Bátìrì wà ní pálọ̀. Ẹni tó bá mi gbé páńẹ́lì gòkè ní kí n kúkú gba ojú fèrèsé mú wáyà wọlé. Mo ní rárá o. Fèrèsé tí kò bá pa dé dáadáa, ẹ̀fọn ló ni ín, etí irin rẹ̀ yóò sì máa ha wáyà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bó.

Mo yá perceuse, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò, èyí tó ń lù tó sì ń yí, lọ́wọ́ bírikìlà àdúgbò wa, pẹ̀lú mèche gígùn (irin ẹnu rẹ̀ tó ń wọ ògiri), mìlímítà 22. Bíríkì oníhò sẹ̀ǹtímítà 15 la fi kọ́ ilé wa. Tí ẹ bá ro sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ nínú àti níta mọ́ ọn, ó ń lọ sí 19. Mèche kúkurú kò lè yọ lódìkejì. (Ilé amọ̀ bíi ti àwọn àgbà nítòsí Akaba Ìdènà, ẹnu odi àtijọ́ ìlú wa, ò nílò irú ìlù yìí. Irin ṣóńṣó àti sùúrù ti tó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó wó ògiri bàbá yín.)

Mo wo ibi tí prise, ojú iná ara ògiri, wà, nítorí wáyà iná sábà máa ń gba òkè tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tààrà. Mo jìnnà sí i. Síbẹ̀ mo pa disjoncteur, suwíìṣì ńlá tó ń pa iná gbogbo ilé, mo wá fa rallonge, wáyà gígùn tó ń gbé iná, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní ilé kejì.

Ìta ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí n kò fẹ́ kí eruku kún pálọ̀ ìyá mi. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Mo dúró lókè àkàsọ̀, mo ń ti perceuse wá sísàlẹ̀. Nígbà tí mèche yọ nínú ilé, ó ṣí sìmẹ́ńtì tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀ kúrò lára ògiri. Mo da ife omi kan sí ẹnu ihò níta láti dán an wò. Ìdajì bọ́ sínú bíríkì, ìyókù ń kán tótó sórí àga.

Bírikìlà dé, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ẹ pé omi ń gòkè? Inú ni kí o ti lu ú, kí ẹnu rẹ̀ tó wà níta rẹlẹ̀ díẹ̀."

Mo fi mèche kékeré la ọ̀nà láti inú, mo wá gbé ńlá tẹ̀ lé e. Ó kù díẹ̀ kó yọ ni mo pa ìlù rẹ̀, tí mo jẹ́ kó máa yí nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi fi pákó ti ògiri níta. Kò ṣí rárá. Mo ti ọ̀pá rọ́bà mìlímítà 20 sínú ihò, torí láìsí i, wáyà á sọnù sínú òfìfo bíríkì, èèrà á sì rọ́nà wọlé.

Orí wáyà tí wọ́n ti fi sí i ní ṣọ́ọ̀bù kò gba inú ọ̀pá. Mo ní láti gé e. Páńẹ́lì ò ní suwíìṣì, oòrùn ni suwíìṣì rẹ̀, nítorí náà mo fi aṣọ tó nípọn bò ó kí n tó gé, mo sì gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi orí tuntun sí i nínú ilé. Níta, mo jẹ́ kí wáyà sọ̀ kalẹ̀ kọjá ihò kó tó gòkè wọ inú rẹ̀, kí òjò lè kán sílẹ̀ níbẹ̀. Silicone ni mo fi dí etí ọ̀pá yíká. Ife omi kejì ò wọlé.

Ihò àkọ́kọ́ ṣì hàn, torí ọ̀dà tí mo rí kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ìyá mi ti fi kàlẹ́ńdà bò ó.