Sípíà Táyà Nínú Bọ́ọ̀sì Akẹ́rù Tí Wọ́n Sọ Di Akérò

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀, alájàpá àti onílé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń kó iṣu, tòmátì, gàrí àti àgbàdo láti oko wọ ọjà la kọ ìwé yìí fún, pẹ̀lú ẹ̀yin alájàpá tẹ́ ẹ jọ ń dáwó gba bọ́ọ̀sì, àti ẹ̀yin onílé tẹ́ ẹ máa ń ṣátà ọkọ̀ bí ìnáwó bá dé. Ìbéèrè kan tẹ́ ẹ kì í yé bi wá ni pé: ṣé dandan ni kí sípíà táyà wà nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tó jẹ́ pé àyè tó gbà, èèyàn lè fi gbé apẹ̀rẹ̀ kan sí i? Dandan ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Sípíà tí kò ṣeé yọ, èyí tí kò lafẹ́fẹ́ nínú, tàbí èyí tí rímù rẹ̀ kò bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ mu, ẹrù lásán ni. Inú bọ́ọ̀sì tí wọ́n tún ara rẹ̀ ṣe nílé la sì ti máa ń bá irú sípíà bẹ́ẹ̀ pàdé jù.

Bọ́ọ̀sì tí à ń wí

Púpọ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń ná ọ̀nà oko sí ọjà kì í ṣe akérò nígbà tó kọ́kọ́ dé. Akẹ́rù ni wọ́n ṣe é níbi tó ti wá, ní Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù tàbí Japan. Ara rẹ̀ dí pa, kò ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sí àga lẹ́yìn dírẹ́bà. Nílé níbí ni pánẹ́bítà ti gé fèrèsé sí i, tí wẹ́dà sì jó bẹ́ǹṣì mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tí a ti mọ̀ tipẹ́ ni. Bọ́lẹ̀kájà àtijọ́, orí ẹsẹ̀ lọ́rì ni káfíńtà ti kan pákó ara rẹ̀. Mọ́lúè Èkó, orí Mercedes 911 akẹ́rù ni wọ́n mọ ọ́n lé. A ò bá àwọn oníṣẹ́ yìí jà rárá, ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe ló ń gbé oúnjẹ dé ìlú.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ náà ti ṣètò ibi tí sípíà yóò wà àti bí wọn yóò ṣe yọ ọ́. Abẹ́ ìdí Toyota HiAce ni tirẹ̀ ń so sí, lórí ṣéènì. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn tí a máa ń ki irin gígùn bọ̀. Bí a bá ń yí irin náà, ṣéènì á máa sọ sípíà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti danfo Volkswagen tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, iwájú ni sípíà wà, lábẹ́ ibi tí dírẹ́bà ń gbẹ́sẹ̀ lé. Wẹ́dà tó ń wá àyè bẹ́ǹṣì kì í fi gbogbo èyí sọ́kàn. Á tẹ́ páànù bo ilẹ̀ ọkọ̀, á gbé ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ka orí ihò, kápẹ́ẹ̀tì á sì bo gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn á fi ewé sípíríǹgì kún ti ẹ̀yìn kí ọkọ̀ lè gbẹ́rù, wọ́n á sì gbé táyà tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti yí padà, sípíà abẹ́ ọkọ̀ ṣì jẹ́ táyà àtijọ́.

Mo ti wọ irú bọ́ọ̀sì yìí rí láti Ìsẹ́yìn sí Ìbàdàn, lọ́sàn-án gangan. A ò tíì dé Mọ́níyà tí táyà ẹ̀yìn fi bẹ́. Dírẹ́bà ní ká fọkàn balẹ̀, sípíà wà, òótọ́ ló sì sọ. Ìgbà tí wọ́n wá ihò tí wọn yóò ki irin bọ̀ ni wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ti jókòó lé e, wọ́n sì ti jó o mọ́ ibẹ̀. Kọ́ńdọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ tòun tẹrù lórí rẹ̀, ó ń fi òkúta lu ṣéènì. Títí dòní ni àyà mi ń já tí mo bá rántí ọmọkùnrin yẹn lábẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí ṣéènì já, oòrùn ti ń wọ̀, a sì tẹ sípíà, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì 11 ni obìnrin kan ní nínú ọkọ̀ náà. Omi ti ń ro lábẹ́ wọn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn ń ṣa èyí tó ti bẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ṣì le.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra bọ́ọ̀sì tàbí tún un ṣe, ẹ dúró ti wẹ́dà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ jó bẹ́ǹṣì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ojú ihò sípíà kó tó tẹ́ páànù. Bí kò bá sí ọ̀nà àbáyọ, ẹ jẹ́ kó ṣe ibi ìgbékọ́ sára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tàbí kó gbé sípíà nàró sẹ́yìn bẹ́ǹṣì ìkẹyìn, kó sì fi ṣéènì dè é mọ́ irin ara ọkọ̀. Sípíà tí wọn kò dè, bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, orí èrò ni yóò bọ́ sí. Orí òrùlé kò dáa tó. Oòrùn á máa sè é níbẹ̀, yóò sì mú kí orí ọkọ̀ wúwo ní kọ́ọ̀nà.

Ẹrù tó wúwo tó báwo?

Sípíà bọ́ọ̀sì kékeré pẹ̀lú rímù irin kì í ju bíi 20 sí 25 kílò lọ. Ìdajì àpò gàrí ni. Àwọn tó ń fi í sílẹ̀ nílé nítorí apẹ̀rẹ̀ kan, ẹ jẹ́ ká fi owó apẹ̀rẹ̀ yẹn wé owó gbogbo ẹrù tó máa jẹrà bí ọkọ̀ bá sùn sọ́nà. Iṣu àti gàrí lè fara dà á di ọjọ́ kejì. Tòmátì, ẹ̀fọ́ àti ẹja tútù ò lè fara dà á.

Ti ọkọ̀ ńlá yàtọ̀. Ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ tó tó mọ́lúè, pẹ̀lú rímù rẹ̀, súnmọ́ 100 kílò, kì í ṣe ohun tí dírẹ́bà kan lè dá gbé. Síbẹ̀, ẹ gbé e, kẹ́ ẹ sì rí i pé ọkùnrin mẹ́ta ó kéré tán wà nínú ọkọ̀, pẹ̀lú páìpù irin tí wọn yóò fi mú sípánà gùn sí i. Bí táyà ẹ̀yìn bá jẹ́ méjì méjì tí ọ̀kan sì jò, ẹ má jẹ́ kí dírẹ́bà sọ pé èkejì máa gbé e délé. Ẹrù táyà méjì ló bọ́ sórí ẹyọ kan yẹn, bó bá sì ti gbóná tó, yóò bẹ́ tẹ̀ lé ẹnìkejì rẹ̀.

Ní ti òfin, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988 ka táyà tó ti pá àti àìní sípíà sí ẹ̀ṣẹ̀. Owó ìtanràn ni èyí tó rọrùn jù nínú ohun tó lè ti ibẹ̀ wá.

Ohun tí táyà kọ sára

Ẹ máa ka ara táyà bí ẹ ṣe ń ka ara oògùn apakòkòrò kẹ́ ẹ tó fín in. Ká ní ẹ rí 185R14C. Fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà ni 185, rímù ínṣì 14 ló ń wọ̀, C sì túmọ̀ sí pé táyà ọkọ̀ iṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí 102 bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹrù 850 kílò ni táyà náà lè gbé, 104 ń gbé 900, 106 sì ń gbé 950.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní bọ́ọ̀sì òfìfo jẹ́ 1,800 kílò. Èrò 18, tá a bá fi 70 kílò ka ẹnì kọ̀ọ̀kan, di 1,260. Àpò gàrí 10 tó jẹ́ 50 kílò ọ̀kọ̀ọ̀kan di 500. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,560. Táyà mẹ́rin tó ń gbé 850, àpapọ̀ agbára wọn kò ju 3,400 lọ. Ẹ ò tíì kúrò ní gáréèjì tí ẹrù ti ju agbára táyà lọ, ẹ̀yìn sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà ń tẹ̀. Kò sí sípíà tó lè gba ọkọ̀ tí wọ́n ń dì báyìí lójoojúmọ́ là. Ẹ dín ẹrù kù.

Ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. 2319 ń sọ pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Michelin dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Port Harcourt lọ́dún 2007, Dunlop náà dáwọ́ dúró ní Ìkẹjà lọ́dún 2008, láti ìgbà náà òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú táyà wa ti ń wá. Títun tí ẹ rà lè ti pẹ́ lórí omi àti nínú ṣọ́ọ̀bù, ní ti tòkúńbọ̀, ẹlòmíì ti lò ó kó tó dé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń kìlọ̀ fún wa pé ká má lo táyà kọjá ọdún 4 sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Sípíà ló máa ń tan èèyàn jù níbi èyí, nítorí kò yí, ojú rẹ̀ ṣì ní ilà kedere, bẹ́ẹ̀ rọ́bà inú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò ní gbangba oòrùn. Bí ẹ bá rí i tó là wínníwínní bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ má gbé e rìn. Àwọn kan tún máa ń fi ọ̀bẹ gé ilà tuntun sójú táyà tó ti jẹ tán. Ẹ ki ìka bọ ilà náà. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá rí gbágungbàgun, tí okùn inú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ìtọ́jú

Sípíà náà ń sọ afẹ́fẹ́ nù bó tilẹ̀ wà lójú kan. Ẹ ní kí fọ́kánáísà fi géèjì wò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Ẹ fẹ́ ẹ tó ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó gbẹ́rù, bí iye rẹ̀ ṣe wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Bó bá wá jẹ́ iwájú lẹ ti fẹ́ lò ó, ó rọrùn láti tú díẹ̀ jáde ju láti wá ibi tẹ́ ẹ ti máa fẹ́ sí i nínú igbó.

Epo pupa ń ba rọ́bà jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó kẹ́ẹ̀gì epo, ẹ má jẹ́ kó máa ro sórí sípíà. Ajílẹ̀ oníyọ̀ náà ń jẹ irin. Bí àpò rẹ̀ bá tú sí ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ gbá a kúrò kíá, kẹ́ ẹ sì fi gíríìsì pa ṣéènì àti irin tó ń yí i. Sípíà tí rímù rẹ̀ ní ihò 5 kò ní wọ ẹsẹ̀ onihò 6, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ìdánwò kan tó ju gbogbo rẹ̀ lọ

Kí ẹ tó rin ìrìn àkọ́kọ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì tí wọ́n tún ṣe, ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ kan lójúlé yín, kí ẹ gbé sípíà sí i, kí ẹ fi wakọ̀ yípo àdúgbò. Nígbà yẹn lẹ máa mọ̀ bóyá irin ìyí wà, bóyá sípánà wọ nọ́ọ̀tì, bóyá jáàkì lè gbé ọkọ̀ tòun tẹrù. Jáàkì tó bá ọkọ̀ wá kì í sábà tó mọ́ lẹ́yìn àtúnṣe. Ẹ wá jáàkì olómi tó lágbára, àti pákó tó nípọn tí yóò jókòó lé bí ilẹ̀ bá rọ̀.

Lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kúrò lórí títì kó tó dúró. Kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, àgbà àti ọmọdé, kí wọ́n sì lọ jókòó síbi tó jìnnà sí títì. Ewé tí a máa ń já sójú ọ̀nà kò tó, pàápàá lálẹ́. Ẹ gbé sí-kọ́ṣọ̀n sẹ́yìn ọkọ̀ ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ 50. Ẹ fi òkúta dí ẹsẹ̀ tó dojú kọ èyí tó jò. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ tó fi jáàkì gbé e. Bó bá ti gòkè, ẹ ti sípíà sábẹ́ ṣásì kí ó jẹ́ pé òun ni ọkọ̀ máa jókòó lé bí jáàkì bá yọ̀. Ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dì í padà, ẹ dì nọ́ọ̀tì kan, kí ẹ kọjá sí èyí tó dojú kọ ọ́, títí wọn yóò fi ká. Lẹ́yìn bíi 50 kìlómítà, ẹ dúró, kí ẹ tún un dì.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣátà

Ẹ má tíì san owó. Ẹ fọ̀wọ̀ bi dírẹ́bà pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ sípíà kalẹ̀ ká rí i.” Dírẹ́bà tí ọkọ̀ rẹ̀ pé kò ní bínú, kò ní pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí yóò fi ṣe é. Bó bá ní ó wà nílé, tàbí pé òun ń lọ yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn, àgàgà bó bá jẹ́ pé àwọn ìyá àgbà àtàwọn ọmọdé ló fẹ́ gbé lọ.

Bí ẹ bá sì ti lo sípíà sọ́nà, ẹ ya ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá rí, kó lẹ èyí tó jò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ń ṣú. Láti ibi tí táyà ti bẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ò ní sípíà.