Òǹtẹ̀ Ìjọba Kì í Ṣe Ìwé-Ẹ̀rí: Àṣìṣe Àwọn Tí Ń Ra Pákó àti Ilẹ̀kùn ní Ìjẹ̀bú

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn kọ́lé láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù. Ohun tí ó ń dùn mí jù báyìí ni owó tí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí ń ná sórí ilẹ̀kùn, férémù àti pákó, kìkì nítorí pé ẹni tí ń tà á sọ pé inú igbó tí a ń tọ́jú ni igi náà ti wá.

Àṣìṣe kìíní ni gbígba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. FSC, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1993, àti PEFC tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ni àjọ àgbáyé méjì tí ìwé-ẹ̀rí wọn ń fi hàn pé igi wá láti inú igbó tí a ń tọ́jú dáadáa; wọ́n ní ibi tí ẹ ti lè fi nọ́ńbà yẹ ìwé-ẹ̀rí ẹnikẹ́ni wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsanwó.

Èkejì, FSC 100% àti FSC Mix kì í ṣe ọ̀kan náà: gbogbo igi inú ti àkọ́kọ́ ni ó wá láti inú igbó tí ó ní ìwé-ẹ̀rí FSC, ṣùgbọ́n ti èkejì lè jẹ́ àdàpọ̀ pẹ̀lú igi mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni ó ń bí mi nínú jù. Bí gẹdú bá ń jáde láti Igbó Ọmọ, igbó ìjọba tí ó wà ní Ìjẹ̀bú, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka igbó a máa fi òòlù lu òǹtẹ̀ sí ìdí rẹ̀, láti fi hàn pé ẹni tí ó gé e ti san owó ìjọba. Òǹtẹ̀ náà kò sọ bí a ṣe ń tọ́jú igbó, kò sì sọ ohun tí a gbìn dípò igi tí a gé. Síbẹ̀, àwọn ọlọ́jà a máa sọ pé, “Ọ̀gá, igi yìí lóǹtẹ̀, kí lẹ tún ń wá?” Oníbàárà á sì fi owó kún owó. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú igi Gmelina tí a gbìn sínú igbó yẹn nítorí ilé-iṣẹ́ bébà Ìwópin: gbígbìn tí a gbìn ín kò sọ ọ́ di igi oníwèé-ẹ̀rí.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí. A ń kọ́ ilé ìtura kan, ẹni tí ó yá onílé lówó sì fẹ́ kí gbogbo ilẹ̀kùn jẹ́ ti FSC. Mo ra ogójì tí àmì náà wà lára ọ̀rá tí a fi wé wọn, ṣùgbọ́n “ilẹ̀kùn 40” nìkan ni ó wà nínú risíìtì. Nígbà tí aṣàyẹ̀wò dé, ó béèrè ìwé owó tí a kọ nọ́ńbà ìwé-ẹ̀rí ẹni tí ó tà wọ́n sí, pẹ̀lú irú FSC tí wọ́n jẹ́. N kò ní in, kò sì ka ilẹ̀kùn kankan mọ́ wa lọ́wọ́. Gbogbo èrè mi lórí iṣẹ́ náà ni mo fi ra òmíràn, ẹ̀bi mi sì ni, nítorí n kò béèrè kí n tó sanwó.

Ẹ tún kíyè sí i pé bí pákó FSC bá dé ibi ìlapákó tí kò ní ìwé-ẹ̀rí, tí wọ́n sì tún un là níbẹ̀, wọn kò lè tà á fún yín ní orúkọ FSC mọ́, ìbáà jẹ́ igi kan náà. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá rà á tí ó sì tún un ṣe gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀.

Ní ti igi apá àti ọ̀gànwó, tí wọ́n wọ àkójọ CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tí ó lè run tán) ní ìpàdé ọdún 2022, ìwé àṣẹ CITES wà fún kíkó wọn kọjá ẹnubodè. Kò lè dípò ìwé-ẹ̀rí FSC fún ilẹ̀kùn tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ sí Ìkẹ́nnẹ́.