Nọ́ọ̀tì ọ̀kadà tó kọ̀ tí kò tú: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Láti ìgbà tí mo ti ń tún ọ̀kadà ṣe ní Àkúrẹ́, ìbéèrè kan náà ni mò ń dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ẹnu mi á sinmi.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, sípánà ń yọ̀ lórí nọ́ọ̀tì.
Ìdáhùn: Nọ́ńbà rẹ̀ kọ́ ni ẹ mú. Mìlímítà ni ọ̀kadà Jàpáánì, Íńdíà àti Ṣáínà ń lò. Sípánà ìdajì íǹṣì jẹ́ mìlímítà 12.7, bí ẹ bá fi bọ orí nọ́ọ̀tì 12, yóò yọ̀, yóò sì jẹ igun rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni kí ẹ rà, ẹ fi onígun méjìlá sílẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ń yí i, kò tú.
Ìdáhùn: Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń fún un le sí i? Dígí ọwọ́ ọ̀tún lára ọ̀pọ̀ Yamaha, òdìkejì ló ń tú.

Ìbéèrè: Ihò orí rẹ̀ rí bí ìràwọ̀.
Ìdáhùn: Torx ni. Ẹ má ki Allen key, irin onígun mẹ́fà yẹn, bọ̀ ọ́. T ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀: T25, T30. Bí irin kékeré bá yọ láàárín ìràwọ̀ náà, èyí tó lu ihò lẹ́nu ni kí ẹ béèrè.

Ìbéèrè: Súkúrù alágbèélébùú ti jẹ lórí.
Ìdáhùn: Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Ti ọ̀kadà Jàpáánì kì í ṣe Phillips ti Amẹ́ríkà, bí wọ́n tilẹ̀ jọra bí ìbejì. JIS ni, ìlànà ìwọ̀n ti àwọn ará Jàpáánì. Ẹnu Phillips kì í délẹ̀ nínú ihò JIS, ìdí nìyẹn tó fi ń ta jáde tó sì ń bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ JIS ní àmì tóótó kan lórí. Bí ẹ kò bá rí súkúrúdíráfà rẹ̀, ẹ lo impact driver, èyí tí à ń fi òòlù lu ìdí rẹ̀ tí yóò sì fúnra rẹ̀ yí. Ibí yìí nìkan ni mo ti fàyè gba òòlù.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀tì inú kúlọ́ọ̀ṣì, tó ní ihò mẹ́rin létí, kí la fi ń tú u?
Ìdáhùn: Èyí ló gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi. Ọ̀kadà kan tó ń kó kòkó láti ọ̀nà Ìdànrè ni; kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń yọ̀. Mo ṣí kọfà ọwọ́ ọ̀tún, àfi bí mo ṣe rí i pé ẹnì kan ti fi ṣísù gé ihò méjì jẹ. Mo wá irinṣẹ́ rẹ̀ dé Ọjà Ọba, eyín èyí tí wọ́n gbé fún mi ti nípọn jù. Mo bá fi bébà tẹ ojú nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì ara rẹ̀ sì fi àwòrán rẹ̀ sílẹ̀. Ihò kan dúdú ju àwọn yòókù lọ lórí bébà náà. Mo ní ìdọ̀tí ni. Mo gbé bébà náà pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì àlòkù lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Òkè-Àró. Ó lọ̀ ọ́ títí ó fi ku eyín mẹ́rin.

Eyín kan kọ̀, kò wọlé. A ní ó gùn jù, a lọ̀ ọ́ kúrú. Mo ki kọ́bọ̀ bàbà àtijọ́ sáàárín jíà kúlọ́ọ̀ṣì àti jíà tó ń yí i kí wọ́n má baà yí, mo fà, mo tún fà, òógùn bò mí, kò mì.

Ọjọ́ kejì ni mo tó fi bẹntiróòlù fọ ibẹ̀. Ẹ wo etí wáṣà tí wọ́n tẹ̀ wọ inú ihò kan, tó di nọ́ọ̀tì mú! Òun ló dúdú lórí bébà, òun ló lé eyín mi sẹ́yìn. Ọ́ìlì tó ti di ẹrẹ̀ ló bò ó. Mo tẹ̀ ẹ́ padà, eyín mẹ́ta tó kù sì tú nọ́ọ̀tì náà wẹ́rẹ́. Ẹ fọ ọ́ kí ẹ tó fà á, ẹ jọ̀ọ́.

Ìbéèrè: Bóòtì ti kán sínú ẹ́ńjìnì. Ṣé kí n ra extractor, irin tí à ń fi yọ bóòtì tó kán?
Ìdáhùn: Rárá o. Irin extractor le débi pé bó bá kán sínú ibẹ̀, dríìlì yín ò ní jẹ ẹ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ lathe, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin. Bí ẹ bá sì ti fi òòlù lù ú kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ gbé òòlù náà dání wá. Mo fẹ́ rí i.