Eégbọn Ajá: Ara Ògiri Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá ń fi oògùn wẹ ajá lóòrèkóòrè tí eégbọn ò tán lára rẹ̀, ilé ni kí ẹ yẹ̀ wò. Eégbọn tó wọ́pọ̀ jù lára ajá wa, Rhipicephalus sanguineus, kì í gbé ara ajá. Oúnjẹ ló ń wá débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń gun ajá láyé rẹ̀: nígbà tó ṣì ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, nígbà tó di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, àti nígbà tó dàgbà tán. Bó bá ti yó, á já bọ́, á wá ihò wọ̀. Abo tó mu ẹ̀jẹ̀ títí tó fi tóbi tó ẹ̀wà á wọ inú ògiri tó sán, á yé ẹyin tó lè tó 4,000, á sì kú síbẹ̀. Àgbà eégbọn lè fara da ebi ju ọdún kan lọ. Ìdí nìyẹn tí ajá tuntun fi ń kó eégbọn nínú ilé tí ajá ò ti gbé fún oṣù mélòó kan.

Òkè ni wọ́n máa ń gùn sí, nítorí náà ẹ má wo ilẹ̀ nìkan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí igun ògiri, ẹ̀yìn férémù ilẹ̀kùn, abẹ́ páànù ilé ajá àti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ibi tí ẹ bá ti rí àwọn pínníṣín tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lára ògiri, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nítòsí ibẹ̀ ni. Ẹ gbá pàntí ibẹ̀, kí ẹ sun ún. Bí ẹ bá dà á sẹ́yìnkùlé, wọ́n á padà wá. Ẹ se àkísà tí ajá ń sùn lé nínú omi gbígbóná. Ẹ fi símẹ́ǹtì dí gbogbo ibi tó sán. Lẹ́yìn náà kí ẹ fín oògùn tí wọ́n kọ sí i lára pé ó wà fún ògiri àti ilẹ̀. Kí ọmọdé, ajá, ológbò àti oúnjẹ kúrò níbẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó o: oògùn kì í sábà ran ẹyin, ẹyin sì lè lo ọ̀sẹ̀ méjì sí márùn-ún kó tó pa. Ẹ máa tún un fín lọ́sẹ̀ méjìméjì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ti ajá fúnra rẹ̀, oògùn eégbọn olómi tó ń jẹ́ amitraz ni ọ̀pọ̀ ń rà. Ẹ ka ara ìgò: bó bá jẹ́ 12.5%, mílílítà 2 ni ẹ ó fi síríǹjì wọ̀n sínú omi lítà 1. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ wẹ ajá, ẹ nù ún, kí ẹ wá fi fóòmù ra oògùn náà mọ́ ọn lára dé àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, abíyá àti abẹ́ ìrù. Kó má kán sí i lójú. Ẹ má fi omi ṣàn án. Ẹ jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ibòji. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á nù, torí kì í lágbára mọ́ bí wọ́n bá ti pò ó pa mọ́. Ẹ má lò ó fún ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin, ajá tó lóyún tàbí ológbò. Bí owó bá wà, oògùn oníhóró bíi fluralaner máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà ẹran bí gìrì bá ti mú ajá yín rí.

Ọta-piapia, kẹrosíìnì àti ọ́ìlì dúdú ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ń pa ajá ju eégbọn lọ. Awọ ni ọta-piapia ń gbà wọlé: ajá á máa da itọ́, á máa gbọ̀n. Oògùn ajá tó ní permethrin nínú sì lè pa ológbò.

Eégbọn tó bá ti gé ajá tàbí èèyàn jẹ, ẹ fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó mú un níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ, kì í ṣe níbi ikùn. Ẹ fà á sókè gbọnrangandan, láìyí i. Ẹ má fi iná sun ún, ẹ má fi epo kùn ún. Bí ẹnu rẹ̀ bá kù síbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, awọ á tì í jáde. Ẹ ju eégbọn náà sínú sípíríìtì. Ẹ má fi èékánná fún un pa.

Babesia àti Ehrlichia, kòkòrò àìfojúrí méjì tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ni eégbọn yìí ń kó ran ajá. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ wò: bí erìgì bá ti funfun, tí ìtọ̀ pọ́n tàbí dúdú, tí kò jẹun, Babesia ni kí ẹ fura sí. Ẹ̀jẹ̀ imú àti àmì pupa wínníwínní níkùn sábà máa ń jẹ́ ti Ehrlichia. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́, torí oògùn wọn yàtọ̀: abẹ́rẹ́ diminazene fún Babesia, doxycycline fún ọjọ́ 28 fún Ehrlichia. Diminazene tó bá pọ̀ jù máa ń ba ọpọlọ ajá jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú díwọ̀n ọn.

Ti èèyàn, eégbọn màlúù àti ti àgbò ló le jù. Ọ̀kan nínú wọn, Hyalomma, ń gbé ibà Crimean-Congo (ibà tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára èèyàn), èyí tó lè ràn èèyàn látinú ẹ̀jẹ̀ ẹran tútù náà, kí alápatà àti àwọn tó ń pa àgbò Iléyá máa wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tó ń wọ pápá, kó ki ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kó sì yẹ abíyá, abẹ́ ìtan àti ẹ̀yìn orúnkún wò bó bá dé. Bí ibà àti orí fífọ́ bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pàápàá tí ojú ibi tó jẹ èèyàn bá ní èépá dúdú, ẹ sọ fún dókítà pé eégbọn jẹ yín. Oògùn ibà ẹ̀fọn kò lè wò ó.