Ọ̀rọ̀ tí kò ní fáwẹ́lì: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíkọ n, ń àti ǹ

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè bóyá ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí kò ní fáwẹ́lì kankan, ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn pé kò sí, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé fáwẹ́lì ni ó máa ń parí sílébù wa. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà, a sì ń lò ó lójoojúmọ́. "Ń" inú "ó ń lọ", "n" inú "n kò lọ" àti "ǹ" inú "ǹ bá lọ" kò ní fáwẹ́lì, síbẹ̀ sílébù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì ń gba ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ bí fáwẹ́lì ṣe ń gbà á. Kọ́ńsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù ni àwọn olùkọ́ èdè ń pè é. Nínú kọ́ńsónáǹtì 18 tí ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, m àti n nìkan ni ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. (Èdè àwọn ará Czech fún r náà láyè, nítorí "prst" ni wọ́n ń pe ìka ọwọ́, "krk" sì ni wọ́n ń pe ọrùn.)

Àṣìṣe tí ó burú jù lọ ni kí ènìyàn fo "ń" nígbà tí ó bá ń kọ̀wé, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tí ó kọ "wọ́n kú" ti túfọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ "wọ́n ń kú" ṣì ń ké sí àwọn tí yóò gbà wọ́n là. Bákan náà ni "mo bọ̀" kì í ṣe "mò ń bọ̀": èkíní ti dé, èkejì ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé "mò" ni mo kọ síbẹ̀, kì í ṣe "mo". Tí "mo", "o", "a" àti "ẹ" bá ṣáájú "ń", ohùn wọn a máa sọ̀kalẹ̀, ni a fi ń kọ "mò ń", "ò ń", "à ń" àti "ẹ̀ ń", nígbà tí "ó" àti "wọ́n" kò yí padà. Àwọn tí ó mọ "ń" í kọ dáadáa náà máa ń gbàgbé èyí.

Àṣìṣe kejì jẹ mọ́ àlàfo. Inú Bíbélì tí àwọn òbí wa ń kà ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ rí "nlọ" àti "nwọn", nítorí náà ó ti mọ́ wa lára láti lẹ n mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Àkọtọ́ òde òní, èyí tí ó jáde ní ọdún 1974, yọ n kúrò lára "wọn", a sì ń dá "ń" kọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìṣe. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán ni àlàfo yìí. "Ńṣe ni ó ń sunkún" yàtọ̀ sí "kí ni ó ń ṣe?", bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó "wà ńlé" jókòó jẹ́ẹ́ sínú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó "ń lé" ènìyàn ń sáré. "Ń" inú "ńlé" jẹ́ ìsúnkì "ní". "Ń" kejì ni ó ń fi hàn pé ìṣẹ̀lẹ̀ kò tíì parí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí pín "ńlá" tàbí "ńkọ́" sí méjì, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n.

Àwọn mìíràn máa ń kọ "ó m bọ̀" nítorí pé bí ẹnu ṣe ń pè é nìyẹn. Òótọ́ ni pé ètè a máa pa pọ̀ de b, ṣùgbọ́n "ó ń bọ̀" ni a ń kọ. Inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bí orúkọ náà Bímbọ́, ni a ti ń jẹ́ kí m hàn. Mo gbà pé ó jọ ojúsàájú díẹ̀, àmọ́ ó ń jẹ́ kí ojú tètè dá "ń" mọ̀ níbikíbi tí ó bá wà.

Nínú kíka sílébù, kì í ṣe gbogbo n ni ó ń dá dúró. N inú "ìrántí" kàn ń rán fáwẹ́lì á mú ni, nítorí náà sílébù mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà ní: ì-rán-tí. "Pańla" náà ní mẹ́ta, pa-ń-la, ṣùgbọ́n níbẹ̀ n ti gba àmì ohùn tirẹ̀. "Nǹkan" ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, torí aránmúpè méjì ni ó tẹ̀ léra níbẹ̀, n-ǹ-kan, ẹni tí ó bá sì kọ "nkan" ti gbé odidi sílébù kan mì.

Ní ti àwọn tí ó ń yọ fáwẹ́lì kúrò nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kí ó lè kúrú, wọ́n ń gba iṣẹ́ tí n àti m nìkan lè ṣe, wọ́n ń gbé e fún àwọn kọ́ńsónáǹtì tí kò lè ṣe é. Bí a bá yọ fáwẹ́lì kúrò lára owó, ìwé, ìwà, ewé, ẹwà, àwo, awọ, ìwo, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀, w nìkan ni yóò kù lára gbogbo wọn. Kí ni òbí yóò fi ránṣẹ́ sí ọmọ tí ó kọ "ẹ fi w mi ránṣẹ́", ṣé owó ni tàbí ìwé?

Fóònù náà ní tirẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ n mọ́lẹ̀ pẹ́, ñ àwọn ará Sípéènì lè yọjú pẹ̀lú ń, ọ̀pọ̀ a sì mú un nítorí pé wọ́n jọra. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà: fún kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni ñ, ẹni tí ó bá sì ń fi "ń lọ" wá ọ̀rọ̀ lè má rí "ñ lọ" rárá. Ń, ǹ àti ḿ ní àyè tiwọn nínú Unicode, ìyẹn àkójọ lẹ́tà àti àmì tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń lò. M̀ nìkan ni kò ní, nítorí náà m ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí a tó tẹ àmì ìsàlẹ̀ lé e lórí.