Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí a bá ń wọn ìhà tí àwọn èèyàn kọ sí akàndá ẹ̀dá

"Ṣé ẹ fẹ́ràn àwọn abirùn?" Bí ìbéèrè yìí bá wà nínú ìwé ìbéèrè yín, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó pín in. Ta ni yóò ní òun kò fẹ́ràn wọn? Ọmọlúàbí kì í sọ bẹ́ẹ̀ lójú àlejò. Wọn yóò ní ẹni òrìṣà ni wọ́n, ẹ̀yin náà yóò sì lọ kọ ọ́ pé ìlú náà ń ṣe dáadáa sí wọn.

Ohun tí wọ́n máa ṣe ni kí ẹ béèrè. Ṣé ẹ lè gba adití sí ṣọ́ọ̀bù yín kó wá kọ́ṣẹ́ télọ̀? Ṣé ẹ lè fún afọ́jú ní yàrá háyà? Bí ọmọ yín bá mú ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ wálé pé òun fẹ́ fẹ́ ńkọ́? Ní nǹkan bí 1925 ni Emory Bogardus, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti béèrè irú èyí ní Amẹ́ríkà nípa ẹ̀yà: ṣé ẹ lè gbà á ní àna, ní aládùúgbò? Bí ìbéèrè bá ṣe ń wọlé ẹni ni ohùn ń yí padà.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè wọ́n ló dùn mí jù. Àrùn wà nínú "abirùn". Ẹni tó bá gbọ́ ọ, aláìsàn ló máa rò, kì í ṣe adití tí ara rẹ̀ le koko. Ẹ má sì da gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tó ń bá afọ́jú jẹun nínú àwo kan lè sá fún ẹni tí wárápá gbé ṣubú, torí ó gbà pé itọ́ rẹ̀ ń ranni. Ẹ dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ èsì wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ má ka àánú sí ìwà rere. Nínú òṣùwọ̀n ATDP (Attitudes Toward Disabled Persons, ìwé ìbéèrè tó ń wọn ìhà tí èèyàn kọ sí akàndá ẹ̀dá) tí Harold Yuker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1960, ẹni tó bá gbà pé akàndá ẹ̀dá yàtọ̀ sí èèyàn yòókù, máàkì rẹ̀ ń wálẹ̀ ni, ì báà ṣe àánú ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ń lọ láti −3 (n kò gbà rárá) dé +3 (mo gbà pátápátá), kò sí òdo láàárín. Àwọn gbólóhùn kan sì wà tí a gbọ́dọ̀ yí àmì wọn padà (kí + di −, kí − di +) kí a tó ro ó pọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí ti ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́.

Kí ẹ tó tẹ ìwé náà, ẹ kọ́kọ́ gbé e fún akàndá ẹ̀dá méjì mẹ́ta kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ wọn fún wọn.